Ọdún 27 Lẹ́nu Ọ̀nà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Guy Lewis ní Yunifásítì Houston

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n kọ orúkọ bàbá arúgbó ẹni ọdún 91 kan, tó jẹ́ pé àga oníkẹ̀kẹ́ ló fi ń rìn, sínú Gbọ̀ngàn Ògo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ James Naismith tó dá eré náà sílẹ̀ pè. Guy Lewis ni bàbá náà ń jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, láti 1956 títí di 1986, kò sì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì mìíràn. Ìgbà 592 ni ikọ̀ rẹ̀ jáwé olúborí, ìgbà 279 ni wọ́n fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kó wọn dé ìpele tó máa ń ku ikọ̀ mẹ́rin péré nínú ìdíje àpapọ̀ àwọn yunifásítì. Síbẹ̀, láti ìgbà tó ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ọdún 27 ló fi dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yẹn kí wọ́n tó ní kó wọlé.

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ọmọ tó kọ́ ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Elvin Hayes wọlé ní 1990, Clyde Drexler wọlé ní 2004, Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, wọlé ní 2008. Nígbà tí NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, yan agbábọ́ọ̀lù 50 tó pegedé jù lọ nínú ìtàn wọn ní 1996, àwọn mẹ́ta yìí wà lára wọn, abẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde ní yunifásítì. Nílẹ̀ tiwa, bí ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta bá gba fìrídọ́ọ̀mù tí wọ́n sì di ọ̀gá tí gbogbo ìlú ń wárí fún, àwọn ènìyàn yóò béèrè ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́. Ti Lewis kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọgbọ̀n ọdún rẹ̀, mo sì fẹ́ kó ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ jọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, títí kan èyí tí kò gbè é.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Arp, ní ìlà-oòrùn Texas, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1922. Ó ṣe iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú nínú iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí tí Yunifásítì Houston sì dá ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní 1946, òun ni balógun ikọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ló padà wá ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá fún Alden Pasche, ó sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1956. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kò dára rárá. Ohun tí wọ́n pàdánù ju ohun tí wọ́n jẹ lọ. Yunifásítì náà kò sì ní gbọ̀ngàn eré tirẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ń yá lò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a yí títí di 1969.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni 1964. Houston nígbà yẹn ṣì jẹ́ ìlú tí àwọ̀ ara ti ń pinnu ibi tí ènìyàn yóò jókòó, ibi tí yóò ti jẹun àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ; ọdún yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura. Lọ́dún náà, Lewis àti igbákejì rẹ̀, Harvey Pate, mú ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì wá láti ìpínlẹ̀ Louisiana: Elvin Hayes láti ìlú Rayville àti Don Chaney láti Baton Rouge. Àwọn ni agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yunifásítì náà ní. Ẹni tó bá ń ka èyí lónìí lè rò pé ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n nínú àjọ ìdíje tí àwọn yunifásítì ńláńlá Texas jọ wà nígbà náà, James Cash ti Yunifásítì TCU ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn, ọdún 1966 ló sì bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé Texas Western ní El Paso ti ń gba aláwọ̀ dúdú sínú ikọ̀ wọn ṣáájú, márùn-ún wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ eré àṣekágbá tí wọ́n jẹ ní 1966. Àmọ́ El Paso wà létí ààlà Mẹ́síkò lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí ilẹ̀ tí Lewis ti dàgbà.

N kò ní sọ pé ìfẹ́ ọmọnìyàn nìkan ló mú un ṣe é. Ọkùnrin náà fẹ́ borí, Hayes sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 9, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ apẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní gúúsù Amẹ́ríkà fẹ́ borí bíi tirẹ̀, wọ́n sì rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òfin ìgbà yẹn kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà, nítorí náà ìparí 1965 ni àwọn méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó fi di 1967, Houston ti dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin fún ìgbà àkọ́kọ́. UCLA, ikọ̀ John Wooden láti Los Angeles, ló lé wọn níbẹ̀ pẹ̀lú àmì 73 sí 58.

Láàárín ìgbà yìí ni Lewis ronú ohun tí kò sí ẹni tó tíì ronú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ní 1965 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Astrodome ní Houston. Wọ́n kọ́ ọ fún eré besibọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi òrùlé bo gbogbo rẹ̀. Lewis ní òun fẹ́ kí UCLA wá pàdé àwọn níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Wooden kò fẹ́ràn àbá náà níbẹ̀rẹ̀, torí lójú tirẹ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ lè sọ eré gidi di ìran wíwò lásán, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ní UCLA gbà. Ilẹ̀ onípákó tí wọn yóò gbá a lé lórí kò sí ní Houston. Los Angeles ni wọ́n ti tú u, tí wọ́n fi ọkọ̀ kó o wá ní pátákó-pátákó, tí wọ́n sì tò ó sí àárín gbùngbùn pápá. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú àwọn òǹwòran ṣì jìnnà débi pé àwọn agbábọ́ọ̀lù dà bí ẹni tó dá wà ní àárín aṣálẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kíní ọdún 1968, àwọn òǹwòran 52,693 ló wọlé. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ TVS so àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n káàkiri Amẹ́ríkà pọ̀ kí wọ́n lè jọ gbé e sáfẹ́fẹ́ ní àkókò tí ìdílé máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lálẹ́. Irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí fún eré yunifásítì tí kì í ṣe ti àṣekágbá. UCLA ti borí ní ìgbà 47 léraléra. Hayes kó àmì 29 kí wọ́n tó lọ sinmi, ó parí rẹ̀ sí 39, ó sì gba bọ́ọ̀lù 15 tó ta padà lẹ́nu apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 28 tí àmì wọn dọ́gba ní 69 sí 69, wọ́n fún un ní jíjù ọ̀fẹ́ méjì. Kì í ṣe ẹni tí ènìyàn máa ń gbẹ́kẹ̀ lé níbi jíjù ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n méjèèjì wọlé. Houston 71, UCLA 69.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀kan tí àwọn ará Houston kì í fẹ́ rántí. Lew Alcindor, òpó UCLA, ẹni tó wá di Kareem Abdul-Jabbar lẹ́yìnwá ọ̀la, ti fara pa lójú ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, bọ́ọ̀lù 4 péré ló sì wọlé nínú 18 tó jù. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, nígbà tí ojú Alcindor ti san, ikọ̀ méjèèjì tún pàdé ní Los Angeles ní ìpele ikọ̀ mẹ́rin. Houston kò tíì pàdánù ẹyọ kan títí di ọjọ́ yẹn. Ìgbà 31 ni wọ́n ti borí. UCLA nà wọ́n ní àmì 101 sí 69. Wọ́n fi ẹnì kan ṣọ́ Hayes níbikíbi tó bá yà sí, ó sì jẹ́ pé àmì 10 péré ló rí kó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Lewis borí UCLA kò purọ́, ẹni tó bá sì ní UCLA ló gba ife kò purọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú Astrodome ló yí òwò eré náà padà. Àwọn tẹlifíṣọ̀n rí i pé ènìyàn ń wò ó. Ní 1971 ni wọ́n gbé ìpele ikọ̀ mẹ́rin fúnra rẹ̀ wá sínú Astrodome, lóde òní sì rèé, pápá onírùlé ńlá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a lọ́dọọdún.

Àwọn ọdún 1970 kò ní kí n dúró pẹ́. Yunifásítì náà ti ní gbọ̀ngàn tirẹ̀, Otis Birdsong sì di gbajúmọ̀ níbẹ̀ ní 1977, ṣùgbọ́n ikọ̀ náà kò dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin ní gbogbo ọdún mẹ́wàá yẹn. Lewis ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Aṣọ ìnura kan tó ní àmì róbótó-róbótó pupa àti funfun kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí eré bá le, á máa fún un bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, á jẹ ẹ́ lẹ́nu, á jù ú mọ́lẹ̀. Mo rò pé aṣọ yìí wà lára ohun tó pa á lára. Ẹni tó bá ń wò ó nílé rí bàbá kan tó ń jà pẹ̀lú aṣọ ìnura, kò rí i pé ó ń darí ẹnikẹ́ni.

Ní 1980 ni ọmọ tiwa dé. Èkó ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n sí ní oṣù Kíní ọdún 1963, àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló sì ń gbá nílé-ẹ̀kọ́, níbi tó ti jẹ́ amúlé. Nígbà tó fi máa mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ó ti ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7, kò sì tíì gbá eré náà ju ọdún díẹ̀ lọ nígbà tí ará Amẹ́ríkà kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá a kàn sí Houston. Ìtàn tí gbogbo wọn máa ń sọ ni pé nígbà tó balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú tó sì pe Lewis lórí fóònù, kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀. Wọ́n ní kó wọ takisí wá. Bí a bá fi ojú ilé wò ó, àlejò tó ti òkèèrè wá kì í rí irú ìgbàlejò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé Lewis kò mọ irú ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀: “Akeem” ni wọ́n kọ sí ibi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí di 1991 tí òun fúnra rẹ̀ fi lẹ́tà H padà sí i.

Ohun tí Lewis ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo kà sí ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi ni. Kò sáré gbé ọmọ náà sórí pápá. Ọdún kìíní lódindi, Ọlájùwọ́n kò gbá eré kankan. Ní ọdún kejì, ìwọ̀nba àkókò ni wọ́n ń fún un, àmì 8.3 ló sì ń kó lójúmọ́ eré. Nígbà ọlidé, wọ́n ní kó máa lọ sí gbọ̀ngàn eré ìlú kan tó ń jẹ́ Fonde, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe máa ń kóra jọ sí. Ibẹ̀ ni Moses Malone wà, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá láàárín gbogbo àwọn tó ń dúró lẹ́nu apẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Lójoojúmọ́ ni Malone ń fi èjìká tì í, tó ń gba bọ́ọ̀lù lé e lórí, tí kò sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó ti ibẹ̀ padà wá kì í ṣe èyí tó lọ. Ní sáà 1983 sí 1984, òun ló ṣíwájú gbogbo Amẹ́ríkà níbi gbígba bọ́ọ̀lù tó ta padà, pẹ̀lú 13.5 nínú eré kan, òun náà ló sì ṣíwájú níbi gbígbá bọ́ọ̀lù ọ̀tá dànù, 5.6. Ẹsẹ̀ amúlé àti ọwọ́ eré aláfọwọ́gbá tó kó wá láti Èkó kò parẹ́. Lewis kò gbìyànjú láti pa wọ́n rẹ́.

Nígbà náà ni ikọ̀ tí a ń sọ náà pé. Drexler, Ọlájùwọ́n, Larry Micheaux, Michael Young, Benny Anders: gbogbo wọn ló ń fò sókè láti ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀ látòkè. Láti 1967 sí 1976 ni òfin yunifásítì ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀, ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà sì ṣì ń wò ó bí ìṣefé. Èrò Lewis ni pé kò sí bọ́ọ̀lù tó dá ènìyàn lójú ju èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì wọlé lọ, ó sì ń gba àwọn ọmọ rẹ̀ níyànjú láti máa ṣe é. Ní oṣù Kíní ọdún 1983, Thomas Bonk tó jẹ́ oníròyìn ní ìwé ìròyìn Houston Post fi wọ́n dápàárá, ó fún wọn ní orúkọ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń fi lẹ́tà èdè Gíríìkì pe ara wọn: Phi Slama Jama. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ wọn. Lọ́dún 1982, wọ́n ti dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin, North Carolina tó ní ọ̀dọ́mọdé kan tó ń jẹ́ Michael Jordan sì fi àmì 68 sí 63 dá wọn padà. Ní 1983, kò sí ẹni tó rò pé wọn yóò padà lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí wọ́n fi àmì 94 sí 81 na Louisville, tí ìhà méjèèjì ń fò sókè bí ẹyẹ, ọ̀pọ̀ òǹwòran ti gbà pé ìyẹn gan-an ni àṣekágbá.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983, ní Albuquerque, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New Mexico tó ga ju mítà 1,500 lọ sí ojú òkun, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Houston ti borí ní ìgbà 31, ìgbà 26 tó kẹ́yìn nínú wọn ló tẹ̀ léra. Ikọ̀ tó kò wọ́n lójú ni North Carolina State ti Jim Valvano, tí wọ́n ti pàdánù ní ìgbà mẹ́wàá lọ́dún náà. Kí wọ́n tó lọ sinmi, wọ́n ti ka ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́rin sí Drexler lọ́rùn, ó ku ẹyọ kan kí wọ́n lé e jáde, North Carolina State sì ń ṣíwájú pẹ̀lú 33 sí 25. Bí mo bá máa dá Lewis lẹ́bi lálẹ́ ọjọ́ náà, ibí yìí ni mo máa dúró sí: kò mú Drexler kúrò lórí pápá ní àkókò tó yẹ, èyí sì dè é lọ́wọ́ fún ìyókù eré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí gbogbo ayé fi kàn án yàtọ̀ sí èyí. Lẹ́yìn ìsinmi, Houston dìde, wọ́n kó àmì 17 nígbà tí àwọn yẹn rí 2, ó sì di 42 sí 35. Ibẹ̀ ni Lewis ti ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ dẹ eré, kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀lù lé ara wọn lọ́wọ́, kí àkókò máa lọ. Àwọn tó ń bú u ní ó gbàgbé ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó jẹ́, pé ẹni tó ní ẹṣin kò yẹ kó máa fẹsẹ̀ rìn. Èmi rò pé àwọn wọ̀nyí ń fi òfin òde òní dá ẹjọ́ àná. Ní 1983, kò sí aago tó ń fi dandan mú ikọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù. Sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985 ni yunifásítì gbogbo tó gba aago ìṣẹ́jú àáyá 45 wọlé. Ẹni tó bá ń ṣíwájú pẹ̀lú àmì méje tó sì dẹ eré ń ṣe ohun tí àwọn ọ̀gá eré náà ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Dean Smith ti North Carolina di olókìkí nítorí irú rẹ̀. Ọlájùwọ́n ti rẹ̀, Drexler sì wà nínú ewu lílé jáde.

Ohun tí Lewis kò ní ìdáhùn sí ni jíjù ọ̀fẹ́. Valvano rí i, ó sì ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ máa ṣẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè gbé wọn lọ sí ojú ìlà. Nínú 19 tí Houston jù lálẹ́ ọjọ́ náà, 10 péré ló wọlé. Nígbà tí àmì dọ́gba ní 52 sí 52, tó ku ìṣẹ́jú kan àti àáyá díẹ̀, wọ́n gbé Alvin Franklin, ọ̀dọ́mọdé tó wà ní ọdún kìíní, lọ síbẹ̀. Òfin ni pé bí àkọ́kọ́ kò bá wọlé, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kò wọlé. Nígbà tí aago kù díẹ̀ kó dún, Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn. Bọ́ọ̀lù náà kò tilẹ̀ dé ojú irin. Lorenzo Charles fò, ó hán an lófurufú, ó sì kì í bọ inú apẹ̀rẹ̀. 54 sí 52. Ohun tí Lewis ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọdún yìí wá, pé kò sí bọ́ọ̀lù tó dájú bíi ti ẹni tó bá fọwọ́ tì í wọlé, ni wọ́n fi pa á. Wọ́n tún fún Ọlájùwọ́n ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ta gbogbo wọn yọ ní ìpele ikọ̀ mẹ́rin náà, òun tó jẹ́ ti ikọ̀ tó pàdánù. Láti ìgbà náà, kò sí ọkùnrin mìíràn láti ikọ̀ tó pàdánù tó rí irú rẹ̀ gbà.

Àwòrán Valvano tó ń sáré káàkiri pápá, tó ń wá ẹni tí yóò dì mọ́, ni tẹlifíṣọ̀n fi ń hàn ní gbogbo oṣù Kẹta títí di òní. Ikọ̀ kejì nínú àwòrán náà kò lórúkọ mọ́, ikọ̀ tó pàdánù lásán ni wọ́n. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Drexler ti lọ sí NBA, Lewis sì tún kó Houston padà dé àṣekágbá. Georgetown ti John Thompson, tí Patrick Ewing ń ṣọ́ ẹnu apẹ̀rẹ̀ wọn, fi 84 sí 75 nà wọ́n ní Seattle, Thompson sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife náà. Lọ́dún yẹn, Houston Rockets, ikọ̀ NBA kan, mú Ọlájùwọ́n gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọmọ tuntun, ṣáájú Jordan tó ṣe ìkẹta. Ẹgbẹ́ yìí kan náà, nígbà tó ṣì wà ní San Diego, ló mú Hayes ṣe àkọ́kọ́ ní 1968. Ọ̀dọ̀ Lewis ni wọ́n ti rí méjèèjì.

Ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1986. Ohun tí àwọn tí kò gbà fún un ń sọ kò pọ̀: pé àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn ló rí kó jọ, pé ó kàn ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn ni, pé ẹni tó ní irú wọn tí kò gba ife kò mọ iṣẹ́. Apá kejì ẹ̀sùn yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀; ìpele ikọ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀marùn-ún láìgba ife kan, ó wúwo. Ṣùgbọ́n apá kìíní kò dúró lórí ẹsẹ̀. Hayes wà ní Louisiana lójú gbogbo àwọn yunifásítì gúúsù tí kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọlájùwọ́n wá láti Èkó láìmọ eré náà dáadáa, ó sì jáde lọ bí àkọ́kọ́ nínú àwọn tí NBA ń wá. Bí a bá ní orí ló bá Lewis ṣe é, orí náà ti ṣiṣẹ́ jù.

Ní 1995, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilẹ̀ onípákó gbọ̀ngàn eré yunifásítì náà, ọdún yẹn kan náà ni Ọlájùwọ́n àti Drexler jọ gba ife NBA fún Rockets. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní 2002. Nígbà tí Springfield wá ránṣẹ́ sí i ní 2013, Rick Pitino tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife lọ́dún náà wà lára àwọn tí wọ́n jọ wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni Jerry Tarkanian tí òun náà ti dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lewis kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ní ẹni ọdún 93.

Houston kò padà dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin láti 1984 títí di 2021. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, lábẹ́ Kelvin Sampson, wọ́n dé àṣekágbá pẹ̀lú Florida ní San Antonio, nínú pápá onírùlé ńlá kan. Wọ́n fi àmì 12 ṣíwájú lẹ́yìn ìsinmi. Àmì méjì ni wọ́n fi pàdánù, 65 sí 63, wọn kò sì ráyè ju bọ́ọ̀lù kankan kí aago tó dún.